Ẹ̀kọ́ A-dorí-kodò àti Lẹ́tà Òkè-Òkun

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn olùkọ́ èdè ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n sọ pé ó dorí kodò. Ọ̀rọ̀ náà lè dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò le rárá. Láti ayébáyé, olùkọ́ a máa dúró níwájú kíláàsì, a máa ṣe àlàyé, a máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ara pátákó. Àwọn ọmọ a jókòó, wọn a gbọ́, wọn a dà á kọ sínú ìwé wọn. Nígbà tí agogo bá lù, wọn a gbé iṣẹ́ lọ sí ilé, níbi tí kò sí ẹni tí yóò tọ́ wọn sọ́nà bí wọ́n bá ṣìnà. Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ a-dorí-kodò ní kí a yí i padà. Kí ọmọ gbọ́ àlàyé nílé, nínú fídíò tàbí nínú ìwé, kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ó bá wù ú, kí ó sì wá ṣe iṣẹ́ gan-an nínú kíláàsì, lójú olùkọ́ àti láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì ni à ń kọ́, a lè jiyàn pé ọ̀nà méjèèjì ni ó dára. Ní ti èdè, èmi kò rí àyè ìyàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí kíláàsì bá ní ọmọ 40, tí ẹ̀kọ́ sì gba ìṣẹ́jú 40, tí olùkọ́ sì fi ìṣẹ́jú 30 nínú rẹ̀ ṣàlàyé, ìṣẹ́jú 10 ni ó kù fún gbogbo ọmọ láti la ẹnu. Bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 lóòjọ́ mọ èdè Faransé sọ? Ìdí nìyí tí a fi ń rí ẹni tí ó gba máàkì rere nínú gírámà, ṣùgbọ́n tí ó yadi nígbà tí ọmọ Faransé béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń polongo ẹ̀kọ́ yìí kì í sábà dáhùn. Bí a bá ti kó àlàyé lọ sí ilé, tí àyè sì wá ṣí sílẹ̀ nínú kíláàsì, ta ni ọmọ yóò bá sọ̀rọ̀? Ṣé ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni yóò máa bá sọ Faransé tí àwọn méjèèjì kò tíì gbọ́? Ẹ̀rín ni irú ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dà. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá fídíò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ pìtàn rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan wà ní Draguignan, ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Paul Mieille ni orúkọ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń kọ́ni. Ó rò ó pé bí ọmọ kò bá lè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà lè lọ. Ní 1897, ó rí ẹni tí yóò bá a gbé èrò náà rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, W. T. Stead, oníwèé-ìròyìn tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. (Stead yìí kan náà ni ó bá ọkọ̀ Titanic rì ní 1912.) Láàrin ọdún kan náà, Martin Hartmann ní ìlú Leipzig gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Jámánì. Ìlànà wọn rọrùn: a ó wá ọmọ ilé-ìwé kan ní òkè-òkun fún ọmọ ilé-ìwé kan nílé, àwọn méjèèjì yóò máa kọ lẹ́tà sí ara wọn, nígbà mìíràn ní èdè tiwọn, nígbà mìíràn ní èdè ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ yóò sì máa tún àṣìṣe ọ̀rẹ́ ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo ohun tí èyí ṣe sí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí lẹ́tà bá tẹ̀ lọ́wọ́ kò ní dúró de tíṣà kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Yóò ya á, yóò gbé ìwé atúmọ̀-èdè kalẹ̀, yóò máa tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé òun ni a kọ ọ́ sí, kì í ṣe kíláàsì. Ní ọjọ́ kejì yóò mú ibi tí ó rú u lójú wá fún olùkọ́. Àlàyé ti di ohun tí ọmọ ń béèrè fún, kò tún jẹ́ ohun tí a ń tì sí i lọ́rùn mọ́. Bí kì í bá ṣe dídorí ẹ̀kọ́ kodò nìyẹn, n kò mọ ohun tí à bá tún máa pè bẹ́ẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, sítáǹbù lásán ni.

Ẹni tí ó mú ọ̀ràn yìí dé ibi tí ó jinlẹ̀ jù ni Célestin Freinet. Ọdún 1896 ni a bí i ní Gars, abúlé kékeré kan ní àárín òkè ní gúúsù Faransé. Ogun Ńlá Kìíní mú un lọ, ọta ìbọn bà á ní ẹ̀dọ̀fóró, ó sì padà wá sílé ní aláìlera. Nígbà tí ó di tíṣà ní Bar-sur-Loup ní 1920, èémí rẹ̀ kò tó fún wíwí ọ̀rọ̀ gígùn níwájú àwọn ọmọ. Ẹ wo irú ọ̀nà tí àyípadà gbà wọlé! Ọkùnrin tí ó lè pariwo láti àárọ̀ di ọ̀sán kì bá má ronú kan ọ̀nà mìíràn. Freinet kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ wo àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ nínú ìlú, wọ́n padà dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ní 1924 ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, àwọn ọmọ sì ń fi ọwọ́ ara wọn to lẹ́tà òjé, wọ́n ń tẹ ìwé tiwọn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ohun tí a tẹ̀? Níbẹ̀ ni René Daniel ti wọ inú ìtàn, tíṣà kan ní Trégunc ní ẹkùn Brittany, ní etí òkun, ní òdìkejì ilẹ̀ Faransé pátápátá. Láàrin àwọn ọdún 1920 ni àwọn ilé-ìwé méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sí ara wọn déédéé. Ọmọ òkè ń ròyìn òkè fún ọmọ ẹlẹ́ja, ọmọ ẹlẹ́ja ń ròyìn òkun fún ọmọ òkè. Ẹ má sì rò pé Faransé kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nílé. Ní Brittany ìgbà náà, èdè Breton ni ọ̀pọ̀ ọmọ mú wá láti ilé, ilé-ìwé a sì máa fìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń sọ fún wa pé wọ́n nà àwọn nítorí pé àwọn sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé. Freinet tún ṣe àwọn káàdì tí ọmọ fi lè kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì yẹ ìdáhùn ara rẹ̀ wò, láìdúró de àwọn yòókù. Ó kú ní 1966, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ wà títí di òní.

Ní ti àwọn tí ó sọ ẹ̀kọ́ a-dorí-kodò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Amẹ́ríkà ni a ó wò, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ilé-ìwé ológun ti West Point, nígbà tí Sylvanus Thayer jẹ́ ọ̀gá wọn láti 1817 di 1833, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ka iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó wọ kíláàsì, kí wọ́n sì dúró nídìí pátákó láti fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní Yunifásítì Harvard, Eric Mazur tí ń kọ́ni ní físíìsì rí i pé àwọn ọmọ òun lè yanjú ìṣirò tí ó ta kókó, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ gan-an kò yé wọn. Láti 1991 ó ní kí wọ́n máa ka ìwé ṣáájú. Nínú kíláàsì, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè kan, olúkúlùkù yóò mú ìdáhùn, yóò sì gbìyànjú láti yí ẹni tí ó jókòó tì í lọ́kàn padà. Ní 2000, àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Miami ní Ohio kọ ìwé lórí irú rẹ̀. Nígbà tí ó di 2007, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, tíṣà kẹ́mísírì méjì ní Woodland Park, ìlú orí òkè ní Colorado, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ wọn sínú fídíò. Ohun tí ó fà á kò ju pé àwọn ọmọ wọn máa ń pa ẹ̀kọ́ jẹ nítorí eré ìdárayá ní àwọn ìlú tí ó jìnnà. Fún ọmọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé, wọ́n da fídíò náà sí orí àwo DVD. Mo fẹ́ kí ẹ rántí àwo yìí, nítorí pé àwọn tí ń yin ẹ̀kọ́ náà kì í sábà mẹ́nu kàn án.

Ẹ kíyè sí i: físíìsì, ètò ọrọ̀-ajé, kẹ́mísírì. Kò sí olùkọ́ èdè kan nínú wọn. Nígbà tí a mú aṣọ tí a rán fún kẹ́mísírì wá wọ̀ fún èdè, kò lè ṣe kí ó má há níbi kan. Ohun tí ọmọ kẹ́mísírì ń wá ṣe nínú kíláàsì ni ìṣirò àti ìdánwò nínú yàrá. Ohun tí ọmọ èdè ń wá ni ẹnìkejì.

Ẹnìkejì yìí ni àwọn ọmọlẹ́yìn Freinet ń wá kiri nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Ní 1985, àwọn olùkọ́ kan, Dennis Sayers wà nínú wọn, dá ètò kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ De Orilla a Orilla, èyí tí í ṣe “láti bèbè dé bèbè” ní èdè Sípéènì. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi so àwọn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti Puerto Rico àti Mẹ́síkò. Ọmọ Puerto Rico tí a bí sí Amẹ́ríkà a máa tijú láti sọ èdè ìyá rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá wá nílò rẹ̀ láti ka lẹ́tà tí ó ti Puerto Rico wá, ipò rẹ̀ yí padà. Èmi gbà pé èyí nìkan tó fún ètò náà láti lérè.

Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni Cultura, tí Gilberte Furstenberg, Sabine Levet àti Shoggy Waryn bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 1997, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe “báwo ni o, kí ni orúkọ ajá rẹ” ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ sí ara wọn. Wọ́n fún ìhà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ kan náà, ìkan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì ní Faransé, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Nílé ni wọn yóò ti ka ìdáhùn ìhà kejì, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò wá jíròrò nínú kíláàsì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ìhà kejì. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ kíkọ kan náà díẹ̀ ni ó yàtọ̀ nínú èdè méjèèjì, èyí tí a lè pè ní kí ènìyàn dá dúró fún ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kọ òmìnira sí i, wọ́n kọ àìgbáralé ẹnikẹ́ni sí i. Àwọn ọmọ Faransé kọ ìmọ-tara-ẹni-nìkan. Ìwé atúmọ̀-èdè a sì máa sọ fún ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni! Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Kò sí fídíò gírámà kan tí ó lè kọ́ni ní irú èyí, nítorí pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ lè ṣàìmọ̀ ọ́n.

Òfin kan wà nínú Cultura tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn: èdè tirẹ̀ ni olúkúlùkù fi ń kọ. Àwọn kan sọ pé báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ Faransé kọ bí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Ìdáhùn àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ ń kà jẹ́ ojúlówó Faransé, láti ọwọ́ ọmọ Faransé tí kò fi ọ̀rọ̀ gún ara rẹ̀ ní tipátipá. Nínú kíláàsì ni yóò ti fi Faransé ṣàròyé. Kò sí ẹni tí a sọ di akólòlò níwájú ẹnìkejì rẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2005, àwọn ará Yúróòpù gbé ètò ńlá kan kalẹ̀, eTwinning. Olùkọ́ méjì láti orílẹ̀-èdè méjì ni yóò so ilé-ìwé wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó di 2013, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè aládùúgbò bíi Ukraine, Georgia àti Moldova. Tunisia náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Inú irú ètò yìí ni àwọn odò méjèèjì tí mo ti ń pìtàn wọn ti pàdé. Bí kíláàsì kan ní Pólándì bá ń kọ́ èdè Sípéènì, tí ó sì ní kíláàsì ẹlẹgbẹ́ kan ní Sípéènì, kì í tún ṣe tíṣà nìkan ni ó ń ṣe fídíò. Àwọn ọmọ Sípéènì lè ya fídíò ọjà ìlú wọn, kí wọ́n máa dárúkọ èso àti iye rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ọmọ Pólándì yóò wò ó nílé, wọn yóò dá a dúró níbi tí ó bá yára jù, wọn yóò kọ ìbéèrè sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí kíláàsì méjèèjì bá rí ojú ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, kò sí àkókò tí a ń fi ṣòfò. Ọmọ ti ní ohun tí ó fẹ́ béèrè. Ẹni tí kò wo fídíò náà yóò sì mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ojú àlejò ni yóò ti yadi. Ìtìjú yìí lágbára ju pàṣán lọ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Èyí tí ó burú jù lójú mi ni pé bí ọmọ Pólándì bá pàdé ọmọ Gíríìsì, tí ẹnì kan kò gbọ́ èdè ẹnìkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń sá sí. Gbogbo ayé dara pọ̀, èdè kan ṣoṣo ni ó jèrè. Mieille pàápàá kò rí èyí tẹ́lẹ̀. Àléébù kejì ni ọ̀rọ̀ àwo DVD tí mo ní kí ẹ rántí. Ẹ̀kọ́ tí ó gbé àlàyé lọ sí ilé gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó wà nínú ilé, ilé kò sì rí bákan náà. A rí i níhìn-ín nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ilé tí kò ní iná àti bátìrì kò gbọ́ nǹkan kan.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ Faransé, ọ̀rọ̀ dé ilé. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀ ni a ti ń fi Faransé ṣe ìjọba: Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Ní 1996 ìjọba ológun kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì fún wa. Ìkéde náà kò kúrò lórí ìwé. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní yunifásítì wa a máa lọ gbé ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé fún àkókò kan, títí owó fi wọ́n. Ní 1991 ni a dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí a lè máa ṣe ní ilé ohun tí a ń lọ ṣe lájò. Iṣẹ́ rere ni abúlé náà, n kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ wá, kí ẹ fi ìka tẹ Àgbádárìgì, kí ẹ fi òmíràn tẹ Àjàṣẹ́, èyí tí Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìka méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù tí wọ́n pín ilẹ̀ náà. Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ bọ́ sí ọ̀hún, Ìmẹ̀kọ àti Ìdìrókò bọ́ sí ìhín. Àwọn Ègùn wà ní Àgbádárìgì, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìhín, tí a fi Faransé kọ́ ní ọ̀hún. Ọmọ Ìdìrókò ń wá ẹni tí yóò bá a sọ Faransé, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ń wá ẹni tí yóò bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì ní èdè kẹta tí wọ́n lè fi bi ara wọn léèrè, “Kí ni o ní lọ́kàn?” nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Ọmọ Draguignan àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ní 1897. Kò sì gba kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Fóònù kan lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tó láti bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ yóò fi Faransé ka ìtàn ìlú wọn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, olùkọ́ ìhín yóò gbé e ka orí àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé, kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná kò bá sí, kí wọ́n kọ lẹ́tà. Awakọ̀ tí ń ná Ìdìrókò kò ní kọ̀ láti gbé e.

Ìṣòro kan wà tí àwọn olùkọ́ náà yóò bá pàdé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Benin fi ń kọ Yorùbá yàtọ̀ sí tiwa. Ọmọ Ìdìrókò yóò kọ “ọmọ”, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ yóò kọ “ɔmɔ”. Níbi tí a bá ti fi àmì sábẹ́ ṣ, “sh” ni wọn yóò kọ. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ wo ìwé ara wọn bí ẹni pé àjèjì ni ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wọn yóò kà á sókè.